Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ Kì í Ṣe Àìsàn

                                        Ilé Olójú-fèrèsé Aláwọ̀ Ewé,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Jẹ́jẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ ti bímọ. Ọkùnrin ni, orí rẹ̀ sì rí gẹ́lẹ́ bíi ti bàbá rẹ nígbà tí mo bí i. Awakọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú ti gbéyàwó. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó náà, kò sì jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọlé mọ́. Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé ara le? Ṣé o ń sùn dáadáa? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi ọ́ sílẹ̀? Ara tèmi le, orúnkún nìkan ló ń ṣàròyé. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí láti òkè délẹ̀. Tíṣà tó ń kọ́ àwa àgbà níwèé ní n kò gbọdọ̀ pa òwe kankan sínú rẹ̀, pé òwe ni mo fi ń sá fún ọ̀rọ̀. Mo ti gbà, àmọ́ ẹnu ń yún mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ ìránṣọ sílẹ̀, pé kí n fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí o máa bọ̀ nílé, torí pé bí Mànàmáná tí ẹ jọ ń kọ́ṣẹ́ bá rán aṣọ mẹ́ta, ìwọ á ṣì wà lórí ẹyọ kan, wọ́n sì ń pè ọ́ ní Ìgbín. Kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n sọ ohun ìtìjú tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ní kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà wa, Ìyá Oníbúrẹ́dì ni mo máa ń jókòó tì. Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó ti kọ mẹ́fà. Nígbà tí a ṣe ìdánwò, ojú ń tì mí pé èmi ni n óò kẹ́yìn, ni mo bá ń jí ìwé rẹ̀ wò. Gbogbo ohun tó kọ ni mo kọ, títí kan orúkọ rẹ̀ lókè! Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà gbé ìwé méjì sókè, ó ní, "Ìyá Oníbúrẹ́dì, ṣé ẹ ti di méjì ni?"

Ìyẹn fèsì pé, "Mo mọ̀ pé mo sanra, àmọ́ kò tíì tó bẹ́ẹ̀ o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Mo délé, mo ki ìwé mi bọ abẹ́ ibùsùn, n ò sì lọ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Tíṣà ló wá bá mi nílé. Kò bẹ̀ mí. Ó ní Bàbá Wẹ́dà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa ti ṣẹ́ pẹ́ńsùlù mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó ní sùúrù láti dì í lọ́wọ́ mú. "Ìyá Àgbà, ẹ ò yára, àmọ́ ẹ wo ìwé yín, bí ọ̀rọ̀ ṣe tò bí ojú òwú lára aṣọ. Ẹ wá fi hàn án." Bí mo ṣe lọ jókòó tì í nìyẹn. "Bàbá, ìwé ni o, irin kọ́! Ẹ rọra." Ní ọjọ́ kẹta, ó kọ orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sì ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. Èmi náà tún ìdánwò mi ṣe. Wọ́n ti ń gbálẹ̀ kí n tó parí. Méje nínú mẹ́wàá ni mo gbà, gbogbo méjèèje sì jẹ́ tèmi.

Ó yá, ká padà sí lẹ́tà rẹ. O ní ọ̀gá yín gba aṣọ ìyàwó lọ́wọ́ Mànàmáná, ó ní kí ìwọ ṣe ihò bọ́tìnnì rẹ̀, o sì pe ìyẹn ní ìjìyà. Nísàlẹ̀ lo wá kọ ọ́ pé ihò méjìlélógún ni, ọ̀gá ò sì tú ẹyọ kan. Ọmọ mi, ṣé ìwọ ò ka ohun tí o kọ ni? Ta ló ń fi aṣọ ìyàwó jẹ èèyàn níyà? Láti kékeré lo ti máa ń bó ọsàn tí èèpo rẹ̀ ò ní já. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́ nìyẹn. Má fi ọwọ́ Mànàmáná ránṣọ mọ́, tìrẹ ni kí o fi rán an. Bí wọ́n bá tún pè ọ́ ní Ìgbín, bi wọ́n léèrè ẹni tó ṣe ihò bọ́tìnnì.

Bá mi kí ọ̀gá rẹ. Kí Mànàmáná náà, kò ṣẹ̀ wá. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní kí n kí ọ, ó ṣì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Èmi ni ìyá bàbá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Ìyá Àgbà
(orúkọ tèmi ni mo kọ lọ́tẹ̀ yìí)

Owó wà nínú àpòòwé yìí. Sísọ́ọ̀sì kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń ṣí ihò bọ́tìnnì ni kí o fi rà. Bí o bá sì fi wọ ọkọ̀ wálé, n ò ní tìlẹ̀kùn mọ́ ọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni owó náà.