Ta Ló Kọ́kọ́ Gé Fèrèsé Olórí Ṣóńṣó?

Adéníkẹ́ ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ará ilé yín ní Olówógbowó? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Ara mi le, àfi orúnkún, ìyá rẹ sì ní ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sórí fóònù. O ní o bi Íńtánẹ́ẹ̀tì léèrè ẹni tó kọ́kọ́ ṣe fèrèsé olórí ṣóńṣó, wọ́n ní àwọn kan ní Síríà ni, àwọn kan ní Íńdíà, àwọn mìíràn ní òyìnbó oníṣọ́ọ̀ṣì ló dá a rò fúnra wọn, àwọn ọ̀mọ̀wé kò sì tíì fẹnu kò. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé fóònù nígbà tí mò ń ka ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o kàn ń pe àgbàlagbà ní Íńtánẹ́ẹ̀tì gbàgà bẹ́ẹ̀? A kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nílé. Bá mi kí bàbá náà.

O mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ni èmi àti Síkírù bíríkìlà fi yan odì lórí fèrèsé yìí. Mo ní èmi ni mo rí i lára ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ní CMS nígbà tí a jọ ń ṣe lébìrà l'Ékòó, tí mo gbé e wá sílùú wa. Síkírù ní mọ́ṣáláṣí kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni òun ti wò ó. Ìmàle gbè é, onígbàgbọ́ gbè mí. Adéníkẹ́, irọ́ ni mo pa. N kò gbójú sókè rí ní CMS, ọkọ̀ ni mò ń wá. Pákó olórí ṣóńṣó tí Síkírù gé láti fi wọn fèrèsé mọ́ṣáláṣí ìlú wa ni mo yá, òun ni mo fi gbé orí fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì ró, n kò sì dá a padà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí o sùn lé dàgbà ló wà látọjọ́ náà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi gba ọgbọ̀n, ojú sì ń tì mí.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo gbé pákó náà lọ láti tọrọ àforíjì. Memunat ọmọ Síkírù ní bàbá òun kì í dá èèyàn mọ̀ mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ torúnkún-torúnkún. Síkírù fọwọ́ pa pákó náà títí, ó wá ní kí gbogbo ilé wá wo iṣẹ́ Adébáyọ̀, èmi náà nìyẹn, pé Adébáyọ̀ ló kọ́ òun, kò sẹ́ni tó gé e ṣáájú rẹ̀. Mo ní rárá, ìwọ ni. Ó ní kí n má bá òun jiyàn. Ó ní bí mo bá rí Adébáyọ̀, kí n sọ fún un pé òun ń retí rẹ̀. Ohun tí mo fi ọgbọ̀n ọdún jà fún, mo ti gbà á báyìí, kò sì dùn lẹ́nu mi rárá.

Jọ̀wọ́, fi owó sìmẹ́ńtì báàgì kan àti ọ̀dà ránṣẹ́, mo fẹ́ kọ orúkọ Síkírù sábẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Má fi sí báǹkì. Ọmọbìnrin kan níbẹ̀ ní kí n pe orúkọ ìyá mi kí òun tó fún mi lówó, èmi tí n kò pe orúkọ ìyá mi rí láyé. Awakọ̀ ni kí o fi rán.

Wàá rí ṣe, wàá rí jẹ, wàá rí mú lọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o dé ọ̀dọ̀ ẹni tí o ṣẹ̀ lẹ́yìn tí kò dá ọ mọ̀ mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adébáyọ̀