Omi Inú Báàfù Méjì

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, ọmọ àbúrò mi. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ara líle àti ọkàn tó balẹ̀, kí ó sì bá ìyá rẹ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Àlàáfíà ni èmi náà wà. Orúnkún nìkan ló ń bá mi jà tí mo bá dúró pẹ́ nídìí káńtà, ṣùgbọ́n a kì í torí orúnkún ti ilé oògùn pa.

Lẹ́tà rẹ dùn mọ́ mi nínú. O ní tíṣà kẹ́mísìrì yín sọ pé àwọn èròjà kan lè para pọ̀ di nǹkan tuntun, kí nǹkan tuntun náà sì tún máa tú padà sí ti àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pé kò yé ọ rárá. Nísàlẹ̀ pátápátá lo wá bi mí irú ẹni tí bàbá rẹ jẹ́, nítorí o kò tíì mọ ìrìn nígbà tí àìsàn mú un lọ. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa fi dáhùn méjèèjì.

Bàbá rẹ ni àbúrò tó tẹ̀lé mi. "Tíṣà Kékeré" ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ohun tó mọ̀ tí kì í fẹ́ kí ẹlòmíì mọ̀. Kẹ́mísìrì ló fà á tí èmi ẹ̀gbọ́n fi bá àbúrò jókòó ní kíláàsì kan náà. Mo ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣèdánwò àṣejáde, ilé ẹ̀kọ́ àwọn apoògùn kò sì gba ẹni tí kò bá ní in. Bàbá wa sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: "Tí èyí bá tún já, ilé ìránṣọ lo ń lọ." Iṣẹ́ ìránṣọ kì í ṣe iṣẹ́ burúkú, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ti gún mi lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi.

Tíṣà wa, ọkùnrin gíga kan tí à ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Ìgò, ti gbé òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ búlúù kan sórí iná lójú wa. Omi inú rẹ̀ gbẹ, ó di funfun bí ìyẹ̀fun. Ó ro omi sí i, ó tún di búlúù. Ìyẹn yé mi: ó lọ, ó bọ̀. Ó ní kì í ṣe ohun gbogbo ló ń padà bẹ́ẹ̀, bébà tó bá jóná ti lọ nìyẹn. Èyí tí kò yé mi ni pé nínú ìgò tí a dé pinpin, lílọ àti bíbọ̀ ń ṣẹlẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì bára dọ́gba débi pé ojú ò ní rí ìyípadà kankan mọ́. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ pé iṣẹ́ ti dúró nìyẹn. Wọ́n fi bírò pupa fagi lé e.

Ní Sátidé kan, mo ń sunkún lẹ́yìnkùlé. Tíṣà Kékeré kò kí mi ní pẹ̀lẹ́. Ó gbé báàfù méjì jáde, ó pọn omi kún ọ̀kan, ó fi èkejì sílẹ̀ lófìfo. Ó mú kọ́ọ̀pù ńlá fún mi, ó mú agolo mílíìkì fún ara rẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ máa bu omi tiyín sínú tèmi. Èmi náà á máa bu tèmi padà sínú tiyín. Ẹ má dúró o."

A bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kọ́ọ̀pù mi ń kún dẹ́nu, agolo tirẹ̀ kàn ń họ ìdí báàfù ni. Ṣùgbọ́n bí omi mi ṣe ń fà, kọ́ọ̀pù mi ò rí omi bù dáadáa mọ́. Bí tirẹ̀ ṣe ń pọ̀, agolo rẹ̀ ń kún. Nígbà tó yá, ó fi èédú fa ìlà sínú báàfù méjèèjì níbi tí omi dé, ó ní ká máa bù lọ. A bù ú títí apá fi ń ro mí, omi ò kúrò lójú ìlà. Tirẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ, síbẹ̀ ọ̀kan ò gòkè, ọ̀kan ò sì wálẹ̀.

Aládùúgbò wa tó ń tún bàtà ṣe yọjú lójú fèrèsé: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé kò sí o? Kí lẹ ń bu omi kiri fún, bí ẹni tí òrùka rẹ̀ bọ́ sómi?" Èmi ni àbúrò mi kọjú sí: "Àǹtí mi, ṣé omi ti dúró?" Mo ní ó ti dúró. Ó ní, "Ọwọ́ yín ńkọ́?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọwọ́ wa ò dúró rárá. Iye tó ń lọ ló bá iye tó ń bọ̀ dọ́gba. Ìdọ́gba kì í ṣe ìdúró, kì í sì í ṣe dandan kí ìhà méjèèjì pọ̀ bákan náà.

Ibẹ̀ la wà tí ìyá wa fi kó aṣọ ìdọ̀tí jáde, tí wọ́n sì bu garawa kan kúrò nínú báàfù àbúrò mi. "Ẹ ṣeun tí ẹ pọnmi dè mí." Mo fẹ́ pariwo, àbúrò mi di ẹnu mi mú: "Ẹ máa bù lọ, ẹ wò ó!" Agolo tirẹ̀ ò kún mọ́, omi mi sì ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ju èyí tó ń padà lọ, títí ìdọ́gba mìíràn fi dé. Ó fò sókè: "Màmá ti parí orí ìwé tó kù fún wa!" Ìyá wa wò ó: "Orí wo? Ẹ kàn lọ pọn òmíràn."

Nínú ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n bi wá ìdí tí àwọn tó ń ṣe amóníà, gáàsì tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, fi ń kó o kúrò bó ṣe ń dá. Mo rí garawa ìyá mi kedere, mo sì bú sẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó ń ṣọ́ wa fìka kìlọ̀ fún mi. Mo kọ ọ́ pé tí a bá ń mú èyí tó ti dá kúrò, lílọ á máa borí bíbọ̀.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, mi ò lọ sí ìdí pátákó tí wọ́n lẹ èsì mọ́ nílé ìwé. Ẹnu géètì ni mo dúró sí. Tíṣà Kékeré ló há ara rẹ̀ mọ́ àárín èrò wọlé. Nígbà tó sáré padà, bàtà kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ti ń pariwo kó tó dé ọ̀dọ̀ mi: "Àǹtí mi yege! Ẹ wo apoògùn o!" Ó gbé mi, a jọ sunkún. Nígbà tí mo nu ojú mi tán, mo bi í pé, "Tìẹ ńkọ́?" Ó wo ojú mi, ó wo ẹ̀yìn, ó fọwọ́ lu orí: "Yéè! Mi ò tíì wo tèmi."

Bàbá rẹ nìyẹn.

Kí Ọlọ́run la ìwé yé ọ, kó fún ọ ní ẹni tí inú rẹ̀ á máa dùn sí tìrẹ bẹ́ẹ̀, kó sì fi ọ́ ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wàá dàgbà, wàá dògbó, ìyá rẹ á sì jẹun ọmọ. Láyọ̀ la ó fojú kan ara wa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Àǹtí Olóògùn.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: fọ́tò kan wà nínú àpò ìwé yìí. Èmi ni mo fajú ro. Ẹni tó di ojú ni bàbá rẹ. Má rò pé ó ń sùn o, ẹ̀rín ló ń rín.