Pèrègún tí Mo Gbìn sí Oko Sùlè

Omifunfun,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Olúfúnmilọ́lá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní Akúrẹ́ kò tíì fi ariwo dí ọ létí? Ìyìn, àfẹ́sọ́nà rẹ ńkọ́? Bá mi kí i dáadáa. Ní tèmi, ara mi le, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà láàárọ̀, a sì máa ń parí ìjà náà kí oòrùn tó mú. Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá ọ ní àlàáfíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàáfíà kò pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Mo mọ̀ pé Bàbá Adégbóyè, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ti pè ọ́ lórí fóònù pé orí mi ti ń dàrú. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn pè ọ́. Ǹ bá ti pè ọ́ kí n sọ tẹnu mi, ṣùgbọ́n o ṣáà mọ yàrá mi. Ògiri tó wà láàrin èmi àti wọn kò kan òrùlé. Bí mo bá wúkọ́ níhìn-ín, wọ́n á kí mi pẹ̀lẹ́ lọ́hùn-ún. Iwájú ilé ìkókòósí nìkan ni fóònù ti ń gbọ́ ketekete, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo ìlú ń jókòó sí. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Àzíìz, awakọ̀ tó ń ná Ore sí Akúrẹ́, ni yóò fi í lé ọ lọ́wọ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti oko Sùlè, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ọ. O rántí Sùlè, ará Ṣakí tí bàbá rẹ fún ní ilẹ̀ kó fi dá kòkó. Ìwọ náà ti lá oje kòkó rẹ̀ rí tí o fi ba aṣọ ilé ìwé jẹ́. Láti etí ọ̀nà títí dé odò ni Akínṣọlá mi fún un, ojú mi ni wọ́n sì ṣe rìn ín. Ọdọọdún ló ń mú ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ wá fún ẹbí, kò jẹ́ kí wọ́n ránṣẹ́ sí òun rí.

Ní ọdún tí àìsàn dá bàbá rẹ dùbúlẹ̀, n kò ríbi sunkún sí nínú ilé yìí. Bí mo bá ti fún un lóògùn tán láàárọ̀, oko Sùlè ni mo máa ń lọ, sí ibi kan láàrin oko tí kòkó ti kú, n óò kúnlẹ̀ síbẹ̀, n óò gbàdúrà títí ohùn mi yóò fi há. Sùlè bá mi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò bi mí ní nǹkan kan. Ìgbà tí mo padà débẹ̀, ó ti ro ilẹ̀ náà mọ́, ó ti yí ìtì igi kan síbẹ̀ fún mi láti jókòó. Ó ní ibi tí èèyàn bá ti ń pe Ọlọ́run, kò yẹ kí ejò máa bá a gbébẹ̀. Mùsùlùmí ni o. Nínú gbogbo àwa tí a jọ ń kọrin nínú ìjọ, kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ fún mi lọ́dún náà.

Mo wá gé ẹ̀ka pèrègún, mo gbìn ín yí ibẹ̀ ká kí ojú má baà máa tó mi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta kú, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló yè, igi mẹ́rìnlá tó tò gbọọrọ bí ẹni pé wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ọmọdé ilẹ̀ yìí mọ̀ pé pèrègún la fi ń pààlà. Ṣùgbọ́n ọmọ oníṣòwò ni èmi, àárín ìlú Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, ọgbà ni mo mọ pèrègún mọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá rẹ lórí ẹní, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá Fúnmi, o ti pààlà fún Ọlọ́run.” Ẹ̀rín tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn. Nítorí ẹ̀rín yẹn ni n kò ṣe hú pèrègún náà títí dòní.

Lẹ́yìn ìkórè èṣí ni ìjọ wa bẹ̀rẹ̀ sí wá ilẹ̀. O mọ̀ pé yàrá ìkàwé ilé ìwé tí wọ́n yá wa la ṣì ń lò, bí òjò bá rọ̀, àwọn akọrin á máa fi orin sá kiri. Bàbá Adégbóyè lọ wo ilẹ̀ ẹbí lójú odò, wọ́n sì dé pẹ̀lú ayọ̀. Wọ́n ní àwọn rí ààlà tí àbúrò àwọn fi sílẹ̀ kó tó kú, pé ibi tí pèrègún wà ni ti Sùlè parí sí, ti ẹ̀yìn rẹ̀ títí dé odò ṣì jẹ́ ti ẹbí, àwọn sì fi í ta ìjọ lọ́rẹ. Wọ́n na okùn láti orí pèrègún mi síwájú àti sẹ́yìn. Apá odò yẹn ni kòkó Sùlè ti ń so jù. Ọmọ mi, n kò rò pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ, irọ́ náà sì jẹ́ tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ì bá rọrùn fún mi ká ní olè ni wọ́n.

Wọ́n kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Gbogbo ìjọ dìde, Pásítọ̀ Fọlárìn ń nu omijé, wọ́n sì ní kí Ìyá Ẹgbẹ́ dá orin ọpẹ́. Èmi ni Ìyá Ẹgbẹ́. Mo dá orin náà, Fúnmi. Mo jó dé iwájú pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi wúwo bíi ti ẹni tó wọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ní ọjọ́ kejì, Sùlè wá bá mi lẹ́yìn ilé níbi tí mo ti ń sá gbágùúdá. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Ó lóṣòó, ó kí mi, ó bi mí léèrè orúnkún mi. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, “Ìyá, èmi àti ẹ̀yin la mọ ẹni tó gbin pèrègún yẹn. N kò ní dárúkọ yín, torí mo mọ ilé tí ẹ̀ ń gbé. Bí ó bá máa jáde, ẹnu yín ni kó ti jáde.” Ó dìde, ó bá mi kó gbágùúdá tó kù sí oòrùn, ó lọ. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá bú u padà, à bá sì parí ẹ̀ síbẹ̀.

Ó mọ ilé tí mò ń gbé lóòótọ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tí bàbá rẹ ti lọ, Bàbá Adégbóyè ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé kí n kó ẹrù mi. Àwọn ni wọ́n rán ọ níwèé títí o fi di olùkọ́. Àwọn náà ni yóò jókòó sí ipò bàbá rẹ nígbà tí àwọn ẹbí Ìyìn bá wá ṣe ìdána ní Sátidé tó tẹ̀lé ọdún Àjíǹde. Èwo ni kí n fi ẹnu mi bàjẹ́ níbẹ̀? Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń yí lórí ibùsùn. Mo ní kí n sọ ọ́, mo rántí ìdána rẹ. Mo ní kí n dákẹ́, mo rántí ìtì igi tí Sùlè yí síbẹ̀ fún mi. Èèyàn á máa pe ara rẹ̀ ní onígbàgbọ́ fún ogójì ọdún, á máa gbààwẹ̀, á máa wọ funfun, kò ní mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo rẹ̀ yóò dorí gbólóhùn kan péré tí ẹnu rẹ̀ kọ̀ láti sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n pe ìpàdé sí pálọ̀ Bàbá Adégbóyè láti fi ẹnu ọ̀rọ̀ náà jóná. Àwọn àgbà ẹbí wà níbẹ̀, Pásítọ̀ wà níbẹ̀, Sùlè àti Límátù ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo ti pinnu pé n óò dákẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé akọni ni ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n Bàbá Adégbóyè wò yíká, wọ́n ní kí Ìyá Ẹgbẹ́ fi àdúrà bẹ̀rẹ̀.

Mo dìde, mo di ojú mi. Mo ní, “Baba wa ọ̀run, ìwọ tí o mọ ohun gbogbo.” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi. Mo gbìyànjú kí n bọ́ sórí ìbùkún àti ìṣọ̀kan, bí a ti máa ń ṣe, kò wá. Mo gbọ́ tí àga ń dún, tí ẹnì kan wúkọ́. Mo wá ní, “Olúwa, o rí mi lọ́jọ́ tí mo gbin pèrègún yẹn. Èmi ni mo gbìn ín, ọgbà àdúrà ni mo fi ṣe. Kì í ṣe ààlà. Akínṣọlá fún Sùlè dé odò. Dárí jì mí pé mo pẹ́ kí n tó sọ ọ́.” Mo ní àmín. Nínú gbogbo onígbàgbọ́ tó kún pálọ̀ náà, Límátù nìkan ló dáhùn pé àmín.

Bàbá Adégbóyè kò pariwo. Wọ́n bi mí bóyá mo ti gbàdúrà tán, wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n sọ fún ilé pé ọ̀fọ̀ ọkọ àti ọjọ́ orí ló ń bá mi jà, wọ́n sì sún ìpàdé síwájú. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó lé mi. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, oúnjẹ ń dé ẹnu ọ̀nà mi. Ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ilé kò pè mí mọ́ bí wọ́n bá ń bó ẹ̀gẹ́, bí mo bá dé ìdí kànga, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn. Mo wà láàrin ilé tí mo ti wà láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo sì dà bí àlejò tó ń dúró de ọkọ̀ tí kò wá.

Pásítọ̀ Fọlárìn wá wò mí. Èèyàn dáadáa ni, òun náà ti há sínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun kò lè sọ pé kí n purọ́, òun kò sì lè sọ pé kí ìjọ pàdánù ilẹ̀. Mo bi í pé kí wá ni kí n ṣe. Ó ní kí a gbàdúrà. Mo sọ fún un pé àdúrà tí mo gbà kẹ́yìn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Ohun tó kù nìyí, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Bàbá Adégbóyè jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn. Wọ́n ní, “Wò ó, Ìyá Fúnmi, dìde nínú ìjọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, sọ pé o ṣì í sọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo. Èmi yóò jókòó gba ìdána ọmọ wa. Bí o kò bá lè sọ ọ́, ẹ wá ẹlòmíì tí yóò jókòó.” Ká ní wọ́n bínú ni, ì bá sàn fún mi.

Nítorí náà, ọmọ mi, mo ti fi ìjókòó bàbá rẹ tàfàlà láì bi ọ́ léèrè. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Bí mo bá sọ gbólóhùn yẹn, ìdána rẹ yóò gún régé, Límátù yóò sì máa wo àwọn tó ń gé igi tí òun àti ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ gbìn. Mo ti sọ fún Ọlọ́run pé n kò ní sọ ọ́. Mo sọ ọ́ fún ara mi náà láàárọ̀ yìí, mo sì gbà á gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè mú mi yí i padà, ìwọ ni. Má pè mí kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé. Bí o bá ní kí n sọ ọ́, n óò sọ ọ́, Fúnmi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Kí Ọlọ́run tó rí mi láàrin kòkó rí ọ níbikíbi tí o bá dé. Kó fún ọ ní ilé tí o ti lè sọ òótọ́ kí o sì tún sùn níbẹ̀. Ọkọ rẹ kò ní sọ ọ́ di ẹni tó ń fetí sí ògiri. Wà á bímọ, wà á fọwọ́ gbé wọn jó, ojú mi yóò sì rí i. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tí orí rẹ̀ kò dàrú,
Ìyá Fúnmi.

Mo gbàgbé: Ní ọjọ́ kejì ìpàdé, mo gbé ọkọ́ lọ sí oko Sùlè kí n lọ hú àwọn pèrègún náà. Gbòǹgbò wọn ti jinlẹ̀, ọ̀kan péré ni mo rí hú. Mo fà á wálé, mo jù ú sẹ́yìn fèrèsé mi. Lánàá ni mo rí i pé ó ti ń rúwé níbi tó sùn sí. Mo pe Bàbá Adégbóyè wá wò ó lójú gbogbo ilé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé yàrá mi ti bọ́ sí òdìkejì ààlà.