Ìjọba Tí Kì í Ná Ọjà

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ìlú ńlá tó o wà yẹn kò ní gbé ọ mì o. Àwa náà wà láàyè. Orúnkún ìyá rẹ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, ewúrẹ́ ti bí méjì, òjò sì ti ká páànù ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kí n mú báírò. Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fági, ojú mi kò rí irú èyí rí.

Obìnrin onígíláàsì tí ẹ rán wá láti ọ́fíìsì yín dé. Ó kó gbogbo àwa oníṣẹ́ ọwọ́ jọ sí kíláàsì kan, ó ní ìjọba fẹ́ ra ọgọ́fà àga fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, pé iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìkan, pé iṣẹ́ tiyín ni láti kọ́ irú wa bí a ṣe ń béèrè rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí àga rọ́bà ti gbòde, mo ti ní kí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà méjì tó ń bá mi ṣiṣẹ́ máa lọ sílé. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, wọ́n á padà wá. Bí kò bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo máa ti ṣọ́ọ̀bù pa ni.

Fọ́ọ̀mù náà gùn ju ìwé ìgbéyàwó èmi àti ìyá rẹ lọ. Ó ní kí n kọ ẹni méjì tó lè jẹ́rìí iṣẹ́ mi. Mo kọ olóògbé ọ̀gá ilé-ìwé sí i, nítorí ọdún mọ́kàndínlógún ló fi jókòó sórí àga mi, ó kú, àga kò mì. Ẹ̀rí wo ló tún jù bẹ́ẹ̀ lọ? Obìnrin yẹn ní ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ lè gbé fóònù. Mo bá fi télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi rọ́pò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpótí kan ṣoṣo ni mo kàn fún un, tí kò sì tíì yé rojọ́ rẹ̀. Ó ní inú fóònù ni èsì máa gbà wá, nítorí náà ojú fèrèsé ni mo ń gbé fóònù mi sí báyìí, kí lẹ́tà ìjọba má baà ṣi ilé.

Ibi tí mo ti fẹ́ ba nǹkan jẹ́ ni ibi tí wọ́n ní ká kọ iye tí a máa gbà. O mọ bí a ṣe ń ṣe é. Bí mo bá fẹ́ gba ọgọ́rùn-ún, igba ni mo máa pè é, oníbàárà á ní ṣé wúrà ni mo fi kàn án ni, á ná an ní àádọ́ta, a ó máa fà á títí a ó fi pàdé, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá sọ iye gidi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò bọ̀wọ̀ fún oníbàárà, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún un láti já. Mo bá kọ ìlọ́po méjì, mo kọ “Ẹ wí tẹnu yín” sábẹ́ rẹ̀, mo lẹ àpò lẹ́tà náà pa, mo sì lọ jù ú sínú àpótí tí ìjọba ń gba àwọn ìwé náà sí.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n ti àpótí náà, obìnrin onígíláàsì pè mí, ó béèrè iye tí mo kọ. Mo fi ìdùnnú sọ fún un. Ó wá ní, “Bàbá, ìjọba kì í ná ọjà. Iye tí ẹ bá kọ ni wọ́n máa kà, wọn ò ní bi yín léèrè mọ́.” Ó ní mo ṣì lè lọ gba ti àkọ́kọ́ padà kí n fi òmíràn sí i, tí mo bá dé kó tó di ọ̀sán ọ̀la.

Mo mú ìwé tuntun, ọwọ́ mi kò lè kọ iye gidi. Ó dà bíi kí n rìn jáde láì wọ ṣòkòtò. Ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi, ó ní, “Ẹni tó ní òun ò ní ná ọjà, ó ti gbà pé ẹ ò ní purọ́ fún òun nìyẹn. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ dójú tì?” Ni mo bá kọ ọ́, mo sì lọ fi í pààrọ̀ ti àkọ́kọ́.

Ọmọ mi, ìṣojú gbogbo wa ni wọ́n ti tú àpò wọ̀nyẹn. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù fi sísọ́ọ̀sì gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni èmi àti ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńlá kan jókòó sí, kò sẹ́ni tó bi wá pé ọmọ ta ni wá. Nígbà tí wọ́n ka ti gbẹ́nàgbẹ́nà òdìkejì odò, iye rẹ̀ ga bí igi àgbọn. Ó dìde, ó ṣí fìlà, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ṣì máa dín in kù.” Ọkùnrin oníkóòtù rọra ní kó jókòó, pé ọ̀rọ̀ ẹnu ti tán. Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí èmi gan-an ni mo rí níbi tó dúró sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka tèmi. Iye tí èmi àti ìyá rẹ nìkan mọ̀, wọ́n kà á sétí gbogbo èrò, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó pòṣé. Wọ́n kàn kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun tó jẹ́ òtítọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́tà wọlé sínú fóònù. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà mi méjèèjì ti padà dé, ọ̀kan ti ń bú ayùn mi.

Ó wá ku pákó. Ìjọba ní ìgbà tí àga bá dé ilé-ìwé ni òun máa sanwó, onípákó ò sì gbọ́ irú èdè yẹn. Tẹ́lẹ̀, kí n má purọ́ fún ọ, bí mo bá nílò mẹ́wàá, ogún ni mo máa ń kọ sí ọ, ìwọ á fi mẹ́wàá ránṣẹ́, inú àwa méjèèjì á dùn. Iye owó pákó tí mo kọ sẹ́yìn ìwé yìí, bó ṣe jẹ́ gan-an nìyẹn. Jọ̀wọ́, má já nǹkan kan níbẹ̀.

Bí o ṣe ń la ọ̀nà fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀nà kò ní dí mọ́ ọ. O ò ní ṣe iṣẹ́ àṣedànù, àwọn ọmọ tìrẹ náà á jókòó níbi tí wọ́n ti ń pe èèyàn sí rere.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.