Ìbéèrè Smaranda Nípa Àkámọ́

Màmá mi,

Láràárọ̀, kí omi tíì mi tó hó, mo ti ṣí ojú ewé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa ti ń béèrè ìbéèrè lórí ayélujára. Mo máa ń ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó lẹ àmì tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ràn ìlú Cluj níbí. Ara mi le, ẹ má ṣèyọnu.

Smaranda tó ń jókòó níwájú mi ní kíláàsì béèrè bóyá régéèsì, ìlànà tí a fi ń ṣàpèjúwe bí ọ̀rọ̀ ṣe tò, lè mọ̀ bí àkámọ́ inú ọ̀rọ̀ bá pé, kí gbogbo èyí tó ṣí ní èyí tó pa á dé. Régéèsì inú ìwé, èyí tí ìdánwò ọ̀la dá lé, kò lè ṣe é. Èyí tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà lágbára jù ú lọ. Àmì ti kọ̀ǹpútà ni Horațiu, ọ̀gá àwa tí a ń lẹ àmì, lẹ̀ mọ́ ìbéèrè náà, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà sì dáhùn pé ó ṣeé ṣe. Smaranda ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo sọ fún Horațiu nídìí oúnjẹ pé régéèsì inú ìwé ni Smaranda ń béèrè, pé àmì náà kò tọ́.

"Ọmọ Soroca," ó ní, "ìbejì ni wọ́n. Ta ló ń ya ìbejì? Jẹ ọbẹ̀ rẹ kó tó tutù."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Tábìlì yẹn nìkan ni wọ́n ti ń pè mí wá jókòó.

Ẹ bá mi kí ìyá àgbà. Jáàmù tí ẹ fi ránṣẹ́ ṣì kù, ebi kò ní pa mí bí n kò bá jẹun pẹ̀lú wọn mọ́. Lọ́la, kí Horațiu tó jí, màá pààrọ̀ àmì náà, màá sì dúró de Smaranda lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdánwò, kí n lè sọ ìdáhùn ti inú ìwé fún un kó tó wọlé.

Ọmọ yín,
Doinița