Bọ́tìnnì Mẹ́ta Tó Kù Lórí Dùùrù Ìyá Aránṣọ

Ìdílé Ìyá Aránṣọ kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wọn jókòó lónìí. Ọpẹ́ ni wọ́n fi ṣáájú ìtàn yìí, nítorí ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tí Ìyá lò láyé dùn ún sọ.

Ọdún 1948 ni a bí Ìyá, nínú yàrá kan tó kọjú sí ojú irin rélùwéè. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá wọn, alágbàfọ̀ ni ìyá wọn, àwọn sì ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́rin.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún 1955. Dùùrù kan wà ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ náà. Iṣẹ́ Ìyá ni láti máa nu eruku orí rẹ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n a kò gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n máa ń sọ pé àkísà ìnueruku nìkan ló ń kọrin fún àwọn nígbà náà, bó bá ṣèèṣì kan eyín dùùrù.

Ní ọdún 1964, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ní ọdún 1969, wọ́n fẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kan, ẹni jẹ́jẹ́ tí wọ́n máa ń ki pẹ́ńsù bọ ẹ̀yìn etí, tí wọ́n á sì tún máa wá a káàkiri ilé. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ọdún 1979, oníbàárà kan tó ń kó lọ sí ilé tuntun fún Ìyá ní dùùrù rẹ̀, torí pé kò gba ojú àtẹ̀gùn ibẹ̀ kọjá. Ìyá fi àkọ́bí wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sọ́dọ̀ tíṣà kan tó ń kọ́ni ní dùùrù. Tíṣà ní kó máa tẹ orin rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójoojúmọ́. Ìyá bá to bọ́tìnnì mẹ́wàá sí apá òsì orí dùùrù: bí ọmọ bá ti tẹ orin náà tán lẹ́ẹ̀kan, kó sún ọ̀kan sí apá ọ̀tún. Láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń pariwo ni Ìyá ti ń wo bọ́tìnnì. Bí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá ti kọjá, wọ́n á yin ọmọ.

Ní ọdún 1980, tíṣà pe àwọn òbí jọ láti wá gbọ́ àwọn ọmọ. Lẹ́yìn ìlà kejì, ọwọ́ àkọ́bí dúró. Kò mọ èyí tó kàn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá bi í pé ṣebí ó ń sún bọ́tìnnì mẹ́wàá lójoojúmọ́.

Ọmọ náà ní, "Bọ́tìnnì lẹ ń wò, Màmi. Ẹ ò gbọ́ mi."

Ó pa dùùrù dé, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá ní akínyẹmí ara. Wọ́n ní kí Bàbá kan àga kékeré kan tí kò ní apá, wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù. Láti ìgbà náà, bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, wọ́n á da aṣọ bo ẹ̀rọ, wọ́n á sì jókòó ti àwọn ọmọ méjì yòókù fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọn kì í jágbe mọ́ wọn, wọn kì í fi ọmọ wé ọmọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi wọ́n: "Ibo ló dùn mọ́ ẹ jù níbẹ̀?" Ọjọ́ tó bá rẹ ọmọ, ìlà kan ti tó, ṣùgbọ́n wọn kì í fo ọjọ́ kankan. Wọ́n á ní kó dìde nígbà tó ṣì ń wù ú. Oníbàárà kan tí wọ́n ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní bí aṣọ òun kò bá yá, dùùrù ni òun máa gbé wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó.

Ọmọ kejì ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa báyìí, àbíkẹ́yìn sì ń kọ́ àwọn ọmọdé. Bí òbí kan ládùúgbò bá wá béèrè bí ọmọ òun ṣe lè mú dùùrù lọ́kùn-únkúndùn, Ìyá á ní kó lọ wá àga. Mọ́kànlélógún ni Bàbá kàn fún àwọn aládùúgbò.

Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni Ìyá, wọn kì í pa ìjọsìn jẹ. Ẹ̀bẹ̀ kan ni wọn kò sinmi láti máa gbé síwájú Ọlọ́run: kí àwọn tún gbọ́ ọwọ́ àkọ́bí àwọn lórí dùùrù. Wọn kò sọ ọ́ létí rẹ̀ rí.

Bàbá papò dà ní ọdún 2009, àkọ́bí, tó ti di apoògùn, sì wá ń gbé pẹ̀lú Ìyá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 2017, Ìyá jókòó sídìí dùùrù, wọ́n pè é.

"Wá jókòó sórí àga mi. Èmi náà fẹ́ kọ́."

Ìka Ìyá ti le. Kí àkọ́bí tó lè fi ibi tí wọ́n máa tẹ̀ hàn wọ́n, ó di dandan kó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ohùn kan péré ni. Ìyá ṣe bí ẹni tí kò kíyè sí i, ṣùgbọ́n omi ti lé ròrò sójú wọn. Ọdún méje ni wọ́n fi kọ́ orin ìyìn kan. Bí ọmọ bá bi wọ́n pé ibo ló dùn mọ́ wọn jù, wọ́n á ní gbogbo ibi tí àwọn ti ṣì í tẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 2024, Ìyá tẹ orin náà lẹ́ẹ̀méje, wọ́n sì sún méje nínú bọ́tìnnì mẹ́wàá ìjọ́sí tí wọ́n tún tò sórí dùùrù. Wọ́n ní kí àwọn sinmi díẹ̀, àwọn á parí mẹ́ta tó kù. Inú ìsinmi yẹn ni wọ́n ti lọ, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì sáyé, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò tí wọn kò bí, ṣùgbọ́n tí wọ́n fetí sí.

Lẹ́yìn ìwàásù òní, àkọ́bí máa jókòó sídìí dùùrù lójú èèyàn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rìnlélógójì. Yóò tẹ orin Ìyá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò sì sún bọ́tìnnì mẹ́ta náà. Àga kékeré máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sórí rẹ̀.

Ìyá Aránṣọ, a dúpẹ́. Ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ẹ máa gbọ́ o, kí ẹ sì sùn re.