Májèlé tí A Dà Sẹ́yìnkùlé

Èbúté Mẹ́ta,
Ọjọ́bọ̀.

Gbádé, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo gbàgbọ́ pé ara rẹ le níbi iṣẹ́ afárá tí ẹ wà, àti pé ẹ̀fọn inú igbó yẹn kò tíì gbé ọ lọ. Fóònù rẹ kò lọ láti ọjọ́ Àìkú, ni mo ṣe fi lẹ́tà yìí rán Ọ̀jẹ̀túndé, awakọ̀ yín. Jọ̀wọ́, jókòó kí o tó kà á.

Ìyàwó rẹ wà ní ọsibítù. Ó kọ́kọ́ dà bí ibà lásán. Nọ́ọ̀sì àdúgbò fún Àṣàbí lóògùn fún ọjọ́ mẹ́rin, ibà náà ò gbóògùn. Ọ̀fun ń dùn ún, ojú rẹ̀ wú. Àná ni àyẹ̀wò jáde: ibà Lásà ni. Pẹ̀lú oyún oṣù méje, Gbádé! Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

O mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n máa dẹ pańpẹ́ fún eku, kí àwọn ọ̀gá mi ní Yaba lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo dẹ ẹ́ sẹ́yìnkùlé wa. Nínú ogún eku, méjì ló ní àrùn náà. Àrùn yìí kì í sì í ṣe eku ní nǹkan kan. Yóò máa jẹun, yóò máa bímọ, yóò máa tọ̀ káàkiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń kó o ran èèyàn. Òmíràn ti kó o láti inú ìyá rẹ̀, òmíràn níbi tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà.

Bàbá Ọládèjì, onílé wa, ní kí a da májèlé síta. Ọ̀gá mi, Dókítà Edith, ti kìlọ̀ fún mi pé pípa nìkan ò tó, pé ihò ni kí a dí, kí a sì máa bo oúnjẹ. Ṣé mo gbọ́? Mo bá wọn dà á! Òkú eku kún bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, mo wá ń fọ́nnu kiri.

Oṣù kan ò pé tí àwọn eku mìíràn fi gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin wọlé láti ọ̀nà Ìjora. Wọ́n bá ihò tó ṣófo àti oúnjẹ nílẹ̀, wọ́n bí rẹpẹtẹ. Ara àwọn ọmọ eku yẹn ò mọ àrùn náà rí; wọ́n kó o lára àwọn díẹ̀ tí májèlé ò pa, ni wọ́n bá ń kó o ran ara wọn. Nígbà tí mo tún dẹ pańpẹ́, mẹ́fà nínú ogún ló ní in.

Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyí. Òjò pa gàrí tí o fi ránṣẹ́. Mo sá a sẹ́yìnkùlé, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo rí ìgbẹ́ eku nínú rẹ̀, mo ṣà á dànù, mo kó gàrí padà sínú ike. Èmi tí mo mọ̀! Ó ń ṣe mí bíi pé yóò ṣòfò. Àṣàbí sì ń fi omi tútù mu ún lọ́sọ̀ọ̀sán. Má wá ẹlòmíràn bínú sí.

Wọ́n ti ń fún un lóògùn. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé, ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó. Tí o bá dé, má ya ilé o, ọsibítù ni kí o gbà lọ tààrà.

Olúwa yóò dá àwọn méjèèjì sí fún wa. Ọ̀nà yóò là fún ọ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìrètí.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa kí nọ́ọ̀sì ọsibítù tó pè mí. Àṣàbí ní kí n má sọ fún ọ, ṣùgbọ́n mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́ mọ́. Ọmọ náà kò tíì mira láti àárọ̀. Gbádé, máa bọ̀.